Nnamdi Azikiwe: Olùkọ́ tó kan ẹ̀ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó di Ààrẹ Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń rí ojú Nnamdi Azikiwe lójoojúmọ́ lára owó bébà 500 náírà. Ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Abuja, pápákọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Òun ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, òun náà sì ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ Gómìnà Àgbà.

Àmọ́ kó tó di àgbà òṣèlú tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Zik, ọdún mẹ́sàn-án ló lò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1925 sí 1934. Níbẹ̀ ló ti fọ abọ́, tó wa èédú, tó kan ẹ̀ṣẹ́ títí tó fi gba ipò kìíní nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì di olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ní ìtàn ilẹ̀ baba ńlá wọn.

Ọdún mẹ́sàn-án yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó dà. Díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ọmọ Zungeru tó gbọ́ èdè mẹ́ta

Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1904 ni wọ́n bí Azikiwe ní Zungeru, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Lásìkò náà, ibẹ̀ ni olú-ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso ilẹ̀ àríwá. Ọmọ Onitsha ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba tí bàbá rẹ̀, Obed-Edom Chukwuemeka Azikiwe, ń ṣe ló gbé wọn dé ilẹ̀ Hausa. Benjamin ni orúkọ ìrìbọmi tí wọ́n fún ọmọ náà.

Èdè Hausa ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí kọ bàbá rẹ̀ lóminú, ló bá fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Onitsha, kó lè gbọ́ èdè Igbo kó sì mọ àṣà ibẹ̀.

Ajá ló sọ ọ́ di ọmọ Èkó. Ajá kan bù ú jẹ, ni bàbá rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà náà bá ní kí wọ́n mú un wá, kó lè gba ìtọ́jú kó sì lọ sílé ìwé. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Wesleyan Boys' High School, èyí tí wọ́n ń pè ní Methodist Boys' High School lónìí. Ibẹ̀ ló ti di ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn ọmọ Èkó àti àwọn ọmọ Rẹ́mọ.

Nígbà tí iṣẹ́ tún gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Calabar, ọmọ náà bá a lọ, ó sì kàwé ní Hope Waddell. Níbẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Marcus Garvey, ọmọ Jamaica tó ń sọ fún àwọn aláwọ̀dúdú pé kí wọ́n gbé orí sókè.

Ọ̀rọ̀ Aggrey wọ̀ ọ́ lára

Lọ́dún 1920, ìgbìmọ̀ kan tí àjọ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ wá sí Èkó láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò. Ọkùnrin aláwọ̀dúdú kan wà láàárín wọn. James Kwegyir Aggrey ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kúrò nílé, ó sì ti ń ṣe olùkọ́ ní Livingstone College ní ìpínlẹ̀ North Carolina.

Azikiwe tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà gbọ́ ìwàásù Aggrey, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ó ti rí i pé ọmọ Áfíríkà lè rékọjá òkun, kó kàwé débi tó wù ú, kó sì dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Àmọ́ owó kò sí. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ girama, ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ní Èkó láti ọdún 1921. Iṣẹ́ tó dára ni lójú aráyé. Síbẹ̀, lọ́dún 1924, òun àti ọ̀rẹ́ méjì kan wọ inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fara pamọ́ síbẹ̀, wọ́n fẹ́ bá a dé Amẹ́ríkà láìsanwó.

Wọn ò débẹ̀. Ara ọ̀kan nínú wọn kò yá, wọ́n sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Sekondi, ní Gold Coast. Azikiwe wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó tọ̀ ọ́ lọ sí Accra, tó sì rọ̀ ọ́ pé kó padà sílé.

Ohun tí kò rí gbà lọ́wọ́ òkun, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti rí i. Ọ̀gá òyìnbó kan ti fi ìwọ̀sí lọ bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u. Nígbà tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó kó owó fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa lọ kàwé. Lọ́dún 1925, Azikiwe wọ ọkọ̀, ó sanwó, ó sì gba Amẹ́ríkà lọ.

Harpers Ferry: ìwé lọ́wọ́ kan, ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ kejì

Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á ni Storer College, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Harpers Ferry, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, níbi tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé láàárín àwọn òkè.

Ìlú náà kéré, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ń dún. Níbẹ̀ ni John Brown ti gbé ìbọn lọ́dún 1859 láti fòpin sí òwò ẹrú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lọ́dún 1867, wọ́n dá Storer sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Lọ́dún 1906, níbẹ̀ náà ni W.E.B. Du Bois àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèpàdé láti bèèrè ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀dúdú. Àárín irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ti Èkó dé bá ara rẹ̀.

Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Ìwé ló bá lọ, àmọ́ eré ìdárayá ló tètè fi gbajúmọ̀. Ó gba ẹ̀bùn nínú eré sísá ọlọ́nà jíjìn, ó sì di ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ múná jù lọ ní ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìpele welterweight, láàárín ọdún 1925 sí 1927. Àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju pọ́n-ùn 147 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 66.7, ló ń jà ní ìpele yìí. Kì í ṣe ìpele àwọn òmìrán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí èémí rẹ̀ sì gùn ni í máa ń borí níbẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn láàárín akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti olówó. Ife tàbí àmì ẹ̀yẹ ni olúborí máa ń gbà, ìpele ìjà kì í sì í pọ̀. Àmọ́ làálàá tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ń fi jẹun. Ẹni tó bá máa kàn án gbọ́dọ̀ jí sáré, kó fo okùn, kó máa gbá àpò ẹ̀ṣẹ́, kó sì ṣọ́ oúnjẹ tó ń jẹ. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó tún gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ ṣe kó tó lè san owó ilé ìwé, ẹrù mẹ́ta lórí ọrùn kan nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ́ àti àwọ̀ ara

Ohun tí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn jẹ́ fún aláwọ̀dúdú lásìkò yẹn ju eré ìdárayá lọ. Lọ́dún 1908, Jack Johnson di aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìpele àwọn tó wúwo jù lọ, ìbínú sì gba ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun lọ́kàn. Lẹ́yìn tó pàdánù rẹ̀ lọ́dún 1915, wọn ò fún aláwọ̀dúdú mìíràn láǹfààní láti jà fún un títí di ọdún 1937, nígbà tí Joe Louis gbà á.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà náà ní akọni tirẹ̀. Battling Siki, ọmọ Saint-Louis ní Senegal, ti na Georges Carpentier ọmọ Faransé ní Paris lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Àmọ́ lóṣù Kejìlá ọdún 1925, tó jẹ́ ọdún kan náà tí Azikiwe dé Amẹ́ríkà, wọ́n yìnbọn pa Siki lójú pópó ní New York. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ọ̀dọ́kùnrin tó ní ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ tí kò sì ní owó lápò. Azikiwe kan ẹ̀ṣẹ́, àmọ́ kò fi ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan le jù ní Pittsburgh

Owó tí bàbá rẹ̀ fún un kò pẹ́ tó fi tán. Kó lè máa kàwé lọ, kò sí iṣẹ́ tó kọ̀. Ó fọ abọ́ nílé oúnjẹ, ó wa èédú, ó ṣe lébìrà. Nígbà ìsinmi, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá padà sílé, ìgboro ni tirẹ̀, níbi tó ti ń wá iṣẹ́ kiri.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ tó lè fọ abọ́ níbẹ̀ ló lè jókòó jẹun. Òfin àti àṣà ìyàsọ́tọ̀ ya aláwọ̀dúdú àti aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ ní ilé ìwé, ní ilé eré àti ní ọ̀pọ̀ ibi tí èèyàn ti ń najú, títí kan Washington tó jẹ́ olú-ìlú.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ebi, òtútù àti àìríṣẹ́ pàdé lórí rẹ̀ ní ìlú Pittsburgh. Ìrètí pin. Azikiwe lọ dùbúlẹ̀ sójú irin, ó ń dúró de ikú. Ẹnìkan ló rí i, tó fà á kúrò níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà fáyé gbọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, My Odyssey, tó jáde lọ́dún 1970. Lásìkò tó kọ ọ́, ó ti jẹ Ààrẹ rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ì bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí sínú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń ka ìtàn Zik ti mọ̀ pé ẹni tó ń fi àwòrán rírẹwà ránṣẹ́ sílé láti ìdálẹ̀ lè máa ru ẹrù tí ará ilé kò rí.

Látọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí olùkọ́

Lẹ́yìn Storer, ó wọ Yunifásítì Howard ní Washington. Níbẹ̀ ló ti kàwé lọ́dọ̀ Alain Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, àti William Leo Hansberry, tó ń kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà lásìkò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì gbà pé Áfíríkà kò ní ìtàn kankan. Ó tún wà nínú ikọ̀ àwọn òmùwẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tó yá, ó kọjá sí Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọdún 1854 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn aláwọ̀dúdú lè rí ibi kàwé gboyè. Lọ́dún 1930 ló gboyè níbẹ̀ nínú ìmọ̀ òṣèlú. Thurgood Marshall, tó padà di aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gboyè níbẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ lásìkò yìí. Láti òpin ọdún 1929, àwọn báńkì ń wó, àìmọye èèyàn sì ń pàdánù iṣẹ́. Àsìkò tí kò dára fún àlejò láti wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Àmọ́ àsìkò náà ni Lincoln fún Azikiwe níṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ìtàn àti ìmọ̀ òṣèlú.

Ìgbésí ayé rẹ̀ lójoojúmọ́ wá di ti ẹni tó ń kọ́ni lápá kan tó tún ń kọ́ ẹ̀kọ́ lápá kejì. Bó ṣe ń dúró níwájú kíláàsì ní Lincoln, bẹ́ẹ̀ ló ń kàwé ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia, tó jìnnà tó nǹkan bíi máìlì 45 síbẹ̀. Ó gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ní Lincoln, ó sì tún gba òmíràn ní Pennsylvania nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá èèyàn àti àṣà wọn. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní New York. Láàárín gbogbo èyí, ó ń kọ àròkọ sínú àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀dúdú bíi Baltimore Afro-American àti Philadelphia Tribune.

Ohun tó fi sílẹ̀ ní Lincoln gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ nípa ìtàn Áfíríkà tó gbé kalẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jí baba ńlá wọn gbé ní etíkun Áfíríkà wá jókòó síwájú ọmọ Áfíríkà, ó sì ń sọ fún wọn nípa àwọn ìlú, àwọn ọba àti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Kò dá eré ìdárayá dúró. Nígbà tó wà ní Lincoln, ó jẹ́ olórí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ó sì ń sáré máìlì kan àti máìlì méjì nínú ìdíje láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Ìdí tó fi sọ Benjamin nù

Lọ́dún 1934, Azikiwe pinnu láti padà sílé. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gbìyànjú láti ríṣẹ́ aṣojú òkèèrè lọ́dọ̀ ìjọba Liberia, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè aláwọ̀dúdú olómìnira. Wọn ò gbà á nítorí pé kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tó kọ nípa orílẹ̀-èdè náà, Liberia in World Politics, jáde lọ́dún yẹn.

Àmọ́ ohun tó dùn ún jù lọ́dún náà ṣẹlẹ̀ ní London. Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ti di Commonwealth Games lónìí, fẹ́ wáyé níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Johannesburg ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ, wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ohun tí South Africa lè fojú àwọn eléré aláwọ̀dúdú rí.

Azikiwe forúkọ sílẹ̀ láti sáré ìdajì máìlì àti máìlì kan lórúkọ Nàìjíríà. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò bá ìlànà mu. Nàìjíríà wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ń san owó orí, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kò lè sáré lórúkọ rẹ̀.

Èsì tí Azikiwe fún wọn wà lára orúkọ rẹ̀. Ó sọ Benjamin nù. Láti ọjọ́ náà, Nnamdi nìkan ló ń jẹ́.

Accra: gègé rọ́pò ẹ̀ṣẹ́

Kò pẹ́ tó padà sí Áfíríkà tí A.J. Ocansey, oníṣòwò kan ní Accra, fi gbé ìwé ìròyìn tuntun lé e lọ́wọ́. African Morning Post ni orúkọ rẹ̀. Azikiwe ni olóòtú rẹ̀ títí di ọdún 1937, ó sì ń kọ àròkọ tirẹ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1936, ìwé ìròyìn náà gbé àròkọ kan jáde tí I.T.A. Wallace-Johnson, ọmọ Sierra Leone, kọ. Àròkọ náà bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn àti ìṣèjọba àwọn òyìnbó ní Áfíríkà. Ìjọba gbé olóòtú lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Azikiwe. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì jàre.

Ọdún yẹn náà ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Flora Ogoegbunam, ní Accra.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fetí sí i ní Accra jẹ́ olùkọ́ tó kàwé jáde ní Achimota, Kwame Nkrumah. Ọ̀rọ̀ Azikiwe wà lára ohun tó mú kó gbọ̀nà Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, Lincoln kan náà ló sì forí lé. Lọ́dún 1938, lẹ́yìn tí Azikiwe ti padà sí Èkó, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó gbà níyànjú tún tẹ̀ lé ọ̀nà náà, títí kan Mbonu Ojike àti K.O. Mbadiwe.

Ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ eléré àti òṣèlú

Ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 1937 ni West African Pilot kọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ìwé ìròyìn Azikiwe fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi di àárín àwọn ọdún 1940, ó ti ní àwọn mìíràn ní Port Harcourt, Onitsha àti Warri. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945, ìjọba fòfin de Pilot fúngbà díẹ̀ nítorí pé ó ṣe tàwọn òṣìṣẹ́.

Eré ìdárayá náà kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1938, òun àti ọmọ Èkó kan, M.R.B. Ottun, dá ẹgbẹ́ Zik's Athletic Club sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù, eré sísá, ìlúwẹ̀ẹ́, tẹ́níìsì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wà níbẹ̀, láìka ẹ̀yà sí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà rìn káàkiri Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n bá dé, èèyàn ń gbọ́ nípa òmìnira bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́dún 1944, òun àti Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀. Nígbà tí Macaulay kú lọ́dún 1946, Azikiwe di olórí rẹ̀. Lọ́dún 1951, àwọn ará Èkó dìbò fún un sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹgbẹ́ Action Group ti Obafemi Awolowo ló gba ìjọba. Azikiwe kọrí sí Enugu, ó sì di olórí ìjọba Ìlà Oòrùn lọ́dún 1954.

Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, tó jẹ́ ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 56, ni wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà Àgbà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1963, ó di Ààrẹ. Ìfipágbàjọba oṣù Kìíní ọdún 1966 ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ogun, Abidjan àti ìgbà ogbó

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, ìhà Biafra ni Azikiwe kọ́kọ́ wà, ó sì lọ káàkiri láti wá àtìlẹ́yìn fún un. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré nílẹ̀ Áfíríkà ló gbà pé Biafra jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan nínú wọn ni Côte d'Ivoire, tí ìjọba Félix Houphouët-Boigny kéde bẹ́ẹ̀ láti Abidjan lóṣù Karùn-ún ọdún 1968. Lọ́dún 1969, Azikiwe yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó padà sí Èkó, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun parí. Títí dòní, ìyàtọ̀ èrò ṣì wà lórí ìgbésẹ̀ méjèèjì.

Ó díje fún ipò Ààrẹ lọ́dún 1979 àti 1983, kò wọlé. Lọ́dún 1989, àwọn ìwé ìròyìn kan kéde pé ó ti kú. Èèyàn ń ṣọ̀fọ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ni Zik wà láàyè nílé rẹ̀. Ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ ló tún lò lẹ́yìn rẹ̀, kó tó jáde láyé lóòótọ́ ní Enugu, lọ́jọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996. Ọmọ ọdún 91 ni.

Ohun tó gbé bọ̀ láti ìdálẹ̀

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ Azikiwe lójú ní London ṣí lẹ́yìn ọdún 16. Lọ́dún 1950, Nàìjíríà kópa nínú ìdíje kan náà ní Auckland, ní New Zealand, Josiah Majekodunmi sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè.

Nígbà tí Zik jẹ́ Gómìnà Àgbà, ìjà fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé wáyé ní pápá Liberty ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger na Gene Fullmer ọmọ Amẹ́ríkà níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ti di Ààrẹ, Nojeem Maiyegun gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Tokyo. Àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìdíje Olympics nìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló sì fi gbà á.

Ní ti iṣẹ́ olùkọ́, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tó ṣílẹ̀kùn lóṣù Kẹwàá ọdún 1960, wà lára ohun tó ṣe gúnwà jù lọ. Ìlànà àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni wọ́n tẹ̀ lé níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ìròyìn àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Lọ́dún 1963, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ William Leo Hansberry, ọ̀gá tó kọ́ Azikiwe ní Howard.

Storer College ti kógbá sílé lọ́dún 1955. Ilẹ̀ rẹ̀ ti di ara ọgbà ìtàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú ní Harpers Ferry. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń lọ wo ibi tí John Brown ti jà. Ibi tí Ààrẹ àkọ́kọ́ Nàìjíríà ti fi ẹ̀ṣẹ́ gba ipò kìíní náà nìyẹn, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Benjamin, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ ohun tó máa dà.